Gbólóhùn tí o sáré kọjá lórí rẹ̀

Ọmọ ọdún 19 ni mí, èmi sì ni àkọ́bí. Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì ìjọba kan gbà mí láti kọ́ ìmọ̀ òfin. N kò tíì san owó tí wọ́n fi ń gba àyè tí àìsàn fi kọlu bàbá mi, tí wọ́n ń wa tírélà. Wọn ò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nílé ìwòsàn tí wọ́n fi kú. Gbogbo owó tó wà nílé bá ìtọ́jú àti ìsìnkú lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti wà lọ́dọ̀ màmá mi ní ìsọ̀ èlùbọ́ wọn ní ọjà Bódìjà. Àbúrò mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi, gbogbo wọn ṣì wà nílé ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ṣe matric. Nígbà tí mo rí fọ́tò wọn lórí fóònù, ẹkún ni mo fi sùn. Kò sí iṣẹ́ gidi tí mò ń ṣe ní ìsọ̀, àfi kí n wọn èlùbọ́, kí n sì bá màmá mi àtàwọn ìyá tó yí wa ká kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó, torí wọ́n ní mo mọ ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ní kí n wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àwọn fún ọdún mẹ́ta. Màmá mi kò sọ nǹkan kan. Ṣé ibi tí ayé mi máa mọ nìyí, mà?
Àkọ́bí, Ìbàdàn

Àkọ́bí, ọmọ mi, ọjọ́ á jìnnà síra o. Ọlọ́run á tu ìwọ àti màmá rẹ nínú, á sì bá yín wo àwọn ọmọ tó kù.

Ìbànújẹ́ méjì ló wà nínú lẹ́tà yìí, o sì ti dì wọ́n pọ̀. Bàbá rẹ kò ní padà wá mọ́. Àyè ilé ẹ̀kọ́ ń padà. Nígbà tí o bá ń sunkún nítorí fọ́tò matric, mo rò pé bàbá tí ì bá dúró tì ọ́ nínú fọ́tò náà lò ń sunkún rẹ̀. Sun ún dáadáa. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹkún bàbá rẹ sọ fún ọ pé ìwé kíkà náà ti kú.

Ohun tó mú mi padà sórí lẹ́tà rẹ ni gbólóhùn kan tí o sáré kọjá lórí rẹ̀. O ní kò sí iṣẹ́ gidi tí ò ń ṣe, àfi pé ò ń bá àwọn ìyá ọjà kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí o sọ yẹn? Ìyá tó ń ta ọjà kì í fi ìwé àwìn rẹ̀ han ẹni ẹlẹ́ni. Òmíràn wà tí ọkọ rẹ̀ gan-an kò mọ iye tó wà níta. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsọ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń kó ìwé náà fún. Ó ti yẹ kí o mọ ẹni tó ń rà ní àwìn ṣùgbọ́n tó ń san nígbà tí owó oṣù bá wọlé, àti ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo gbèsè mọ́lẹ̀. Ó ti yẹ kí o mọ ìsọ̀ tó ń jèrè lóòótọ́, àti èyí tó kàn ń yí owó po, tí owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn ti jẹ gbogbo èrè rẹ̀ tán kí àpò èlùbọ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń jókòó sí kíláàsì fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó lè rí nǹkan báyìí nínú ìwé owó.

Wo Amos Tutùọlà, òǹkọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta. Bàbá tirẹ̀ kú ní 1939, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò sí ẹni tí yóò san owó ilé ìwé mọ́, ìwé bá dúró. Ó gbìyànjú oko, kò bọ́ sí i. Ó lọ sí Èkó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì. Ogun parí, iṣẹ́ bọ́. Nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, níbi tó ti máa ń jókòó pẹ́ kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sílẹ̀. Ní 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù gbé The Palm-Wine Drinkard jáde, ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí o bá bi í ní 1939 pé kí ló yí ayé rẹ̀ padà, ikú bàbá rẹ̀ ni ì bá tọ́ka sí. Ta ni ì bá ronú kan àga mẹ́séńjà?

N kò sọ èyí láti fi tàn ọ́. Ìwé náà kò sọ Tutùọlà di olówó. Ó ṣì ṣiṣẹ́ oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ikú bàbá kì í ṣe oore fún ọmọ kankan, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ó ní ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é, o lè dákẹ́, kí o má ṣe gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé o ti ń wo ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo láti ọdún tó kọjá, nǹkan mìíràn sì ti ń dàgbà lọ́wọ́ rẹ.

Ó yá, iṣẹ́ ti yá. Kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní yunifásítì yẹn, ìwọ fúnra rẹ, má pe fóònù. Béèrè bóyá wọ́n lè dá àyè rẹ sí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń gbà, òmíràn kì í gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, wàá tún ìdánwò JAMB ṣe, torí ọdún kan ṣoṣo ni èsì rẹ̀ ń lò. WAEC rẹ kò ní kú ní tirẹ̀. Ní ti owó, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2024 wà fún ọmọ bíi tìrẹ. NELFUND ló ń bójú tó o. Kò ní èlé, àpò ilé ẹ̀kọ́ ni owó ìwé ń lọ tààrà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló sì wà fún. Àyè gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó lè béèrè fún un.

Bí o bá sì rí i pé ìwé owó kíkọ yìí dùn mọ́ ọ ju ìmọ̀ òfin lọ, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ICAN, ní ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ATS. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, ti tó láti bẹ̀rẹ̀, o sì lè máa kàwé rẹ̀ láti ìsọ̀. N kò mọ̀ bóyá ìwọ lo yan òfin tàbí bàbá rẹ ló wù. Ìwọ nìkan ló lè dáhùn ìyẹn. Má ṣe kánjú dáhùn.

Màmá rẹ tó dákẹ́ ló ń ká mi lára jù. Opó tó ní ọmọ mẹ́rin lè má lè sọ fún àkọ́bí rẹ̀ pé, “Máa lọ sílé ìwé,” nígbà tí kò mọ ẹni tí yóò bá òun gbé àpò. Kò sì lè sọ pé, “Dúró tì mí.” Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, kúnlẹ̀ kí o bi wọ́n pé, “Màmá mi, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?” Kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ti aṣọ rírán, iṣẹ́ iyì ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ. Ṣùgbọ́n o kò sọ níbì kankan nínú lẹ́tà rẹ pé o fẹ́ràn abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́ta kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fi tọrẹ torí kó má bàa dà bí aláìmoore. Lọ kí wọn, mú èlùbọ́ dání, kí o sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún ọ ní àyè títí ìwọ àti màmá rẹ yóò fi sọ̀rọ̀ yín tán.