Orúkọ Kò Sí Nínú Fáìlì: Bí Fódà Ṣe Rí Lórí Dísìkì

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí fódà kan lórí kọ̀ǹpútà yín, tí ẹ rí orúkọ fáìlì mẹ́wàá níbẹ̀, níbo gan-an ni kọ̀ǹpútà kọ àwọn orúkọ yẹn sí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní inú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Inú fódà ni orúkọ wà. Òun ló fà á tí fáìlì tí a ti pa rẹ́ fi lè padà wá, òun náà ló sì fà á tó fi lè padà wá láìlórúkọ.

Pátákó ẹnu ọ̀nà

Àwa tí a ń gbé ní Barking mọ Vicarage Field dáadáa, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Ripple Road, tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ fojú inú wo irú pátákó tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lápá kan, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà lápá kejì. Kò sí bàtà lórí pátákó, kò sí aṣọ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà, ẹsẹ̀ yín ló máa gbé yín dé ìdí ọjà.

Fódà gan-an nìyẹn. Lórí dísìkì, kì í ṣe àpò tí wọ́n kó fáìlì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán àpò la máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé àkọsílẹ̀ ni, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ so orúkọ kan mọ́ nọ́ńbà kan.

Kí ló wà nínú ìlà kan?

Ẹ jẹ́ ká wo ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ń lò. Ó jogún ìlà rẹ̀ lọ́wọ́ ext2, tí Rémy Card ṣe ní 1993. Ohun tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan nìwọ̀nyí:

- nọ́ńbà inode: báìtì 4
- gígùn ìlà náà: báìtì 2
- gígùn orúkọ: báìtì 1
- irú ohun tó jẹ́, bóyá fáìlì ni tàbí fódà: báìtì 1
- orúkọ fúnra rẹ̀: kò gbọdọ̀ ju báìtì 255 lọ

Kí wá ni inode? Ẹ pè é ní káàdì ìdánimọ̀ fáìlì. Ẹni tó ni fáìlì wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn wà níbẹ̀, àti àwọn búlọ́ọ̀kù dísìkì tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ àfi orúkọ.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Linux náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá ní kó ṣe fáìlì tuntun, á kọ́kọ́ wá inode tó ṣófo fún un, lẹ́yìn náà ló máa kọ orúkọ sínú fódà.

Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gbé fíìmù ńlá láti fódà kan sí òmíràn lórí dísìkì kan náà, tó sì máa parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnikẹ́ni ò gbé fíìmù náà kúrò níbi tó wà. Ìlà kan ni wọ́n pa rẹ́ nínú ìwé kan, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kejì. Tó bá jẹ́ dísìkì mìíràn lẹ ń gbé e lọ, ó di dandan kí wọ́n ru ẹrù náà gan-an, ẹ sì máa dúró.

Ọmọ kan, orúkọ méjì

Bàbá lè pe ọmọ ní Fọlákẹ́, kí ìyá àgbà máa pè é ní Àbẹ̀ní. Ọmọ kan náà ni. Linux gba irú èyí: ìlà méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè gbé nọ́ńbà inode kan ṣoṣo. Inode á máa ka iye orúkọ tó ní. Tí ẹ bá pa ọ̀kan rẹ́, òǹkà á dín kan. Ìgbà tó bá di 0, tí kò sì sí áàpù tó ṣí fáìlì náà lọ́wọ́, ni wọ́n tó máa gba búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Orúkọ sì lè dúró kí ohun tó ń tọ́ka sí yí padà. Pápá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Barking FC ni Vicarage Field tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi kó lọ sí Mayesbrook Park ní 1973. Lónìí, ilé ìtajà ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Bákan náà, tí ẹ bá pa CV.pdf ti àná rẹ́, tí ẹ ṣe CV.pdf mìíràn lónìí, orúkọ kan náà ni, fáìlì ọ̀tọ̀ ni.

Tí a bá pa fáìlì rẹ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ext4 díẹ̀, ká wo mẹ́mọ́rì káàdì. FAT, tí Marc McDonald bẹ̀rẹ̀ ní Microsoft ní 1977, ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ káàdì tí kò ju 32GB lọ, lábẹ́ orúkọ FAT32. FAT kò ní inode rárá. Ìlà báìtì 32 ló ń gbé gbogbo rẹ̀: báìtì 11 fún orúkọ kúkúrú, báìtì 4 fún bí fáìlì ṣe tóbi tó, ọjọ́, àti nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Orúkọ gígùn, tó dé pẹ̀lú Windows 95, ní láti gba ìlà mìíràn kún un, àmì 13 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá dílíìtì fáìlì lórí FAT, kọ̀ǹpútà kì í nu ohun tó wà nínú rẹ̀. Á fi báìtì kan, E5, rọ́pò báìtì àkọ́kọ́ nínú ìlà náà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn ti ṣófo. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fagi lé orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí pátákó, tí ọjà sì kún inú ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Àǹtí kan ládùúgbò wa gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní Vicarage Field. Àwòrán ìsìnkú ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti jókòó ti àbúrò ìyá wọn, bàbá náà dárúkọ àwọn àgbàlagbà inú àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, àǹtí sì fi orúkọ wọn sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wọn wá pa àwọn àwòrán náà rẹ́ kí àyè lè wà, ó sì ya tuntun sínú fódà kan náà.

Mo lo PhotoRec, tí Christophe Grenier ṣe. Kì í wo pátákó rárá. Ńṣe ló máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wá báìtì FF D8 FF tí àwòrán JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà. Inú àǹtí dùn, títí wọ́n fi rí orúkọ wọn: lẹ́tà f kan àti nọ́ńbà gbọọrọ, ìyẹn nọ́ńbà ibi tí PhotoRec ti bá a lórí káàdì. Àwọn àwòrán tuntun ti gba ìlà tó ṣófo nínú fódà, orúkọ àwọn àgbà sì ti lọ. A pe bàbá lórí WhatsApp. Wọ́n dá àwọn kan mọ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ò ríran tó mọ́ fún àwọn yòókù.

Nítorí náà, tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ yọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ya àwòrán kankan sí i mọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé inú fóònù àti SSD kò rí bíi káàdì: wọ́n sábà máa ń nu búlọ́ọ̀kù tó ṣófo fúnra wọn, kò sì ní sí ohun tí a máa rí kó padà. Orúkọ èèyàn tó ṣe pàtàkì, ẹ kọ ọ́ sínú àwòrán gan-an, níbi àpèjúwe rẹ̀. Inú JPEG nìyẹn wà, kì í ṣe inú fódà.

Àmì ohùn nínú ìlà

Ẹ ka lẹ́tà inú Osun.jpg: báìtì 8 péré. Ọ̀ṣun.jpg ńkọ́? Ọ gba báìtì 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2, ṣ gba 3, u àti n gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan, .jpg gba 4. Àpapọ̀ jẹ́ 14. Nínú Unix ọdún 1979, ìlà báìtì 16 ni wọ́n ń lò, 2 fún nọ́ńbà, 14 fún orúkọ, kò sì ní ṣẹ́ kù rárá! Nínú ext4 tòde òní, àyè ṣì pọ̀. Ẹ má yọ àmì orí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nítorí àyè.

Ibi tí wàhálà wà ni pé Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ́: Ọ pẹ̀lú àmì ohùn, O, ààmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, tàbí Ò pẹ̀lú ààmì ìsàlẹ̀. Ojú rí ọ̀kan, báìtì rí mẹ́ta. Báìtì ni ext4 sábà máa ń fi wé ara wọn, nítorí náà Ọ̀ṣun.jpg mẹ́ta lè wà nínú fódà kan, kí ẹ máa wá ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà ní kò sí. HFS+ ti Apple máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó kọ ọ́. APFS, tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017, máa ń gbà pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìmọ̀ràn mi: ẹ mú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan, kí gbogbo ilé máa lo èyí kan náà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ṣí Terminal lórí Linux tàbí Mac, ẹ tẹ `ls -i`. Nọ́ńbà inode á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi `mv` yí orúkọ fáìlì kan padà, kí ẹ tún wò ó. Èwo ló yí padà, èwo ni kò yí?

Ọ̀rọ̀ tòní

- ìlà àkọsílẹ̀: ibi tí fódà ti so orúkọ mọ́ nọ́ńbà
- òǹkà: iye tí a ń kà
- pa rẹ́: yọ kúrò, lẹ́nu, a máa ń ní "dílíìtì"
- fagi lé: fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ kí a má kà á mọ́
- àmì ohùn: àmì òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí a ń fi sórí fáwẹ̀lì
- tọ́ka sí: fi ibi tí nǹkan wà hàn

Ó dìgbà kan ná.