Àròkọ Oníròyìn: Ewu Tí Orí Kó Mi Yọ

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ nínú irú orí-ọ̀rọ̀ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ odidi ojú-ewé kan lórí bí ẹ̀rù ṣe bà á, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tí ì bá pa á. Bí ẹni tó ń kà á kò bá mọ ewu náà, kò lè bá ọ yọ̀. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, la èrò rẹ sílẹ̀ báyìí:

(i) Ibi àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀
(ii) Ohun tó fa ewu
(iii) Bí mo ṣe súnmọ́ ewu
(iv) Bí orí ṣe kó mi yọ
(v) Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

ÀPẸẸRẸ

Nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, mo wọkọ̀ ní Owódé ní ìlú Ọ̀yọ́, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti fi fóòmù ṣe bàálù kékeré kan tí ó ń fi rédíò darí láti ilẹ̀. Ó ní irú ìdarí bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé, pé ní ọdún 1898 ni Nikola Tesla fi rédíò darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní New York níṣojú èrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn òjò, a gbé bàálù náà lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú. Ó gbéra, ó ń rà bàbà bí àwòdì. Lójijì, kò gbọ́ràn mọ́. Bátìrì ẹ̀rọ ìdarí ti tán! Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì lọ há sórí wáyà iná ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ti ń tú bátìrì wò, mo rí páìpù irin gígùn kan lábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbé e, mo forí lé ìdí òpó. Mo ti ń nà án sókè nígbà tí bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ké pé, “Ìwọ ọmọ yìí, jù ú sílẹ̀! Ikú lo fẹ́ fọwọ́ fà yẹn!” Páìpù bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́, irin inú bàálù náà sì kan wáyà kejì. Iná kọ yẹ̀rì, ó dún gbàù, bàálù jóná.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé, ó ń gbọ̀n. Ó ní iná inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè fò mú irin kí irin tó kàn án, pé ilẹ̀ tútù tí mo dúró lé ì bá sì jẹ́ kí ó gba ara mi kọjá. A dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ó ní, “Ẹ kú ewu. Ewu iná kì í pa àwòdì.” Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá há sórí wáyà, n kì í súnmọ́ ọn; àwọn òṣìṣẹ́ iná ni mo máa ń ní kí wọ́n pè.

ÀKÍYÈSÍ

Wo òjò ìpínrọ̀ kejì: òun ló sọ ilẹ̀ di ewu ní ìpínrọ̀ kẹrin. Wo òwe náà pẹ̀lú: bàálù fò bí àwòdì, iná ló sì fẹ́ pa ọmọ náà. Òwe tí kò bá bá ọ̀rọ̀ mu, fi í sílẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kọ àròkọ lórí “Ọjọ́ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.”