Ta Ni Ó Ń San Owó Náà? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Kọ́ Nínú Àríyànjiyàn Liverpool

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má ti ara yín o, ìwé yìí ò ní sá lọ.

Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Liverpool gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà 2024/25, ó di ìgbà 20. Èèyàn á rò pé àwa tí à ń ṣe Liverpool á sinmi. Rárá o! “Kí wọ́n ta Núñez!” “Salah ti dàgbà!” “Kóòṣì yìí, ẹgbẹ́ tí Klopp tò sílẹ̀ ló bá nílẹ̀ jàre!” Mo wà lára àwọn tí ohùn wọn máa ń ròkè jù. Èmi ni mo sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti ta Salah tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń jókòó láti JSS 1, ní mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Èmi náà fèsì, ọ̀rọ̀ di ìjà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀, tábìlì kan náà la sì jọ ń lò.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni tíṣà wa kọ́ wa ní depreciation nínú iṣẹ́ Financial Accounting. Wọ́n ya mọ́tò sójú pátákó, wọ́n ní iye rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún nínú ìwé ìṣirò. Mo nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣírò agbábọ́ọ̀lù?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Lọ wádìí rẹ̀, kí o wá kọ́ wa.” Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: IYE TÓ KÙ NÍNÚ ÌWÉ

Ẹ jẹ́ ká mú Darwin Núñez. Lọ́dún 2022, Liverpool rà á lọ́wọ́ Benfica ní mílíọ̀nù 64 pọ́n-ùn, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ní àwọn máa fi kún un tó bá ṣe dáadáa. Àdéhùn ọdún 6 ló fọwọ́ sí. Akọ̀wé owó kì í kọ mílíọ̀nù 64 yẹn sí ọdún kan ṣoṣo. Ó máa pín in sí ọ̀nà mẹ́fà: 64 ÷ 6, ìyẹn mílíọ̀nù 10 ó lé díẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó fi máa di 2025, ọdún 3 ti kọjá, mílíọ̀nù 32 ti lọ, mílíọ̀nù 32 ló kù nínú ìwé.

Ẹ wá wò ó. Ká ní mílíọ̀nù 40 ni wọ́n tà á nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ì bá pariwo pé wọ́n ti pàdánù mílíọ̀nù 24. Nínú ìwé ìṣirò, èrè mílíọ̀nù 8 ni wọ́n jẹ. Tó bá jẹ́ 25 ni wọ́n tà á, ìgbà yẹn ni àdánù mílíọ̀nù 7 wọlé. Ìdí nìyí tí Chelsea fi fún Enzo Fernández ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ ní 2023: bí ọdún bá ṣe pọ̀ tó ni owó ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe máa kéré tó. UEFA rí ọgbọ́n yìí, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má pín owó ju ọdún 5 lọ mọ́. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ lé wọn.

Ti Trent Alexander-Arnold yàtọ̀. Láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ Liverpool, wọn ò ra ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òdo ni iye rẹ̀ nínú ìwé, nítorí náà, gbogbo owó tí wọ́n bá tà á, èrè ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n òpin oṣù kẹfà ọdún 2025 ni àdéhùn rẹ̀ yẹ kó parí. Ẹgbẹ́ tó bá ní sùúrù díẹ̀ nígbà yẹn ì bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 10 yúrò péré ni Real Madrid san kó lè tètè wá bá wọn. Àwọn olólùfẹ́ Liverpool pariwo lé e lórí ní Anfield bí ẹni pé ó jalè. Èmi náà bínú. Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀ ni mo wá rí i pé ọdún méjì sẹ́yìn ló yẹ ká ti pariwo, àwọn tó ń ṣètò àdéhùn ló sì yẹ ká pariwo mọ́. Àdéhùn tó ń parí lọ dà bí omi dídì tí wọ́n gbé sójú oòrùn. Ẹni tí kò tètè tà á, omi lásán ni yóò bá nínú abọ́.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ỌJỌ́ ORÍ

Ibí ni màá ti jẹ́wọ́. Lọ́dún 2023, nígbà tí Mohamed Salah jẹ́ ọmọ ọdún 31, ìròyìn gbòde pé Al-Ittihad ti Saudi Arabia fẹ́ san mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn lé e lórí. Liverpool kọ̀. Mo ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ní sáà 2024/25, Salah gbá gbogbo ìdíje líìgì méjìdínlógójì. Góòlù 29 ló jẹ, ó tún fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní pásì 18 tó di góòlù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún 2 mìíràn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Virgil van Dijk náà, ẹni tó pé ọdún 34 lóṣù keje ọdún náà. Ọ̀rẹ́ mi ló jàre. Mo ti sọ fún un lójú, mo tún kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára pàtẹ́wọ́ fún un. Liverpool kan náà yìí ló ta Sadio Mané fún Bayern ní 2022, nígbà tó pé ọdún 30. Sáà kan ṣoṣo ló lò ní Jámánì kó tó kọjá sí Saudi. Wọ́n ta ọ̀kan, wọ́n tọ́jú ọ̀kan, kò sì sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe nínú méjèèjì. Nítorí náà, “ó ti dàgbà” nìkan kì í ṣe àwíjàre. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nìyí: Ṣé ẹsẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù yìí gbójú lé ni àbí orí? Ìdíje mélòó ni ìpalára gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn? Ta ló ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Àdéhùn ọdún mélòó ni wọ́n fún un? Ẹ rí i pé ọdún 2 ni wọ́n fún Salah, wọn ò fún un ní 5. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ẹni tí yóò gba ọmọ náà tó bá rẹ àgbà.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: KÓÒṢÌ TÓ Ń BỌ̀

Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2024. Jürgen Klopp, tó ti wà níbẹ̀ láti 2015, kéde pé òun ń lọ. Lábẹ́ máńgòrò, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wa: Xabi Alonso. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool rí, Leverkusen tó ń darí ò sì fìdí rẹmi nínú líìgì Jámánì lọ́dún yẹn títí wọ́n fi gbà á. Alonso ní òun ò lọ síbì kankan. Ìgbà tí wọ́n wá mú Arne Slot láti Feyenoord, ohun tí a sọ ni, “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Federico Chiesa nìkan ni agbábọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n rà fún un tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní sáà yẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, ó gba líìgì.

Àwọn tó ní ẹgbẹ́ Klopp ló bá nílẹ̀ ò parọ́. Ohun tí wọn ò rò ni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ilé tí òrùlé rẹ̀ ò jò, kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa wó ògiri. Tó bá jẹ́ pé ilé tó ti dojú dé ni, irú ẹlòmíràn la máa wá. Kí a tó bèèrè pé “Ta la fẹ́ràn?”, ẹ jẹ́ ká bèèrè pé “Iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀?”

Mo rò pé àpilẹ̀kọ mi ti parí síbí. Kò parí.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: NÍGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ ẸNU Ọ̀NÀ WA

Lẹ́yìn tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi parí ìjà, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. (Ó ti fún mi láyè láti kọ ọ́ báyìí, tí mi ò bá ti dárúkọ.) Ọkùnrin kan ti rí i lórí pápá níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ó ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù lòun, òun á mú un lọ ṣe ìdánwò ní Yúróòpù láàárín oṣù mẹ́ta. ₦350,000 ló máa ná wọn. Wọ́n ti san ₦15,000 fún fọ́ọ̀mù. Mọ́mì ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́, ti bẹ olórí àjọ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ kó.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, mi ò ní parọ́. Ó ti ń pe ara rẹ̀ ní Awoniyi tuntun. Orúkọ yẹn gan-an ló jí mi, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn Taiwo Awoniyi tán ni.

Ọmọ Ìlọrin wa níbí ni Awoniyi. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ ní 2013. Ẹ wo ìgbà tí Liverpool rà á: òpin oṣù kẹjọ ọdún 2015, kò tíì tó oṣù kan tó pé ọmọ ọdún 18. Kì í ṣe pé ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Òfin FIFA ò fàyè gba kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi àwọn ìdí díẹ̀ kan, bí ìgbà tí àwọn òbí ọmọ náà bá kó lọ síbẹ̀ fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí wọ́n rà á, kò gbá ìdíje kankan fún Liverpool, torí kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà. Ọdún bíi mẹ́fà ni wọ́n fi ń yá a fún àwọn ẹgbẹ́ ní Jámánì, Netherlands àti Belgium. Ní 2021, wọ́n tà á fún Union Berlin ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6 àtààbọ̀ pọ́n-ùn, ó sì kọjá sí Nottingham Forest lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá fi ojú Ẹ̀kọ́ Kìíní wò ó. Ta ló ń san owó? Ẹgbẹ́ tó fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń san fún ẹgbẹ́ tó ní i. FIFA tiẹ̀ ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọdún 12 sí 23. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù lè gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìṣirò tí mo ṣe, mi ò ríbi tí ẹgbẹ́ ti ń ra agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú owó èlùbọ́ ìyá agbábọ́ọ̀lù.

Ọmọ ọdún 16 ni ọ̀rẹ́ mi.

Mo sọ fún tíṣà wa. Wọ́n ní ká jọ lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́. Tíṣà jẹ́ kí n fúnra mi ṣàlàyé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta péré. Kí lorúkọ ẹgbẹ́ tó ń pè é? Níbo ni lẹ́tà ẹgbẹ́ náà wà? Níbo ni ìwé àṣẹ aṣojú tí FIFA fún wọn wà?” Mọ́mì gbé fóònù lójú wa níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò dáhùn ọ̀kankan. Ó ní tí wọ́n bá ń fi nǹkan falẹ̀, òun á gbé àyè ọmọ náà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Mọ́mì ní, “Ẹ gbé e fún un o, Ọ̀gá.” Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

₦15,000 yẹn ò tíì padà wá. Ọ̀rẹ́ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ju ti Salah lọ. Mi ò bínú sí i. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà nírọ̀lẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n gbá gan-an, ẹni tó bá sọ pé kò mọ̀ ọ́n ò tíì rí i. Ọdún méjì ló kù kó pé 18. WAEC á ti kọjá nígbà yẹn.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹgbẹ́ kan ra agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn, àdéhùn ọdún 5. Lẹ́yìn ọdún 2, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 28. Ṣé èrè ni wọ́n jẹ ni àbí àdánù? Mélòó?

2. Mú agbábọ́ọ̀lù kan tó ti lé ní ọdún 30 nínú ẹgbẹ́ tí ìwọ ń ṣe. Fi ìbéèrè mẹ́rin inú Ẹ̀kọ́ Kejì wò ó, kí o tó sọ pé kí wọ́n tà á.

3. Ẹnì kan ní kí ìyá rẹ sanwó kí ẹgbẹ́ kan lè rà ọ́. Ta ló ń ra ta?

Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kó tó di ọjọ́ Fúráídè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Arsenal àti Chelsea náà lè dáhùn, ìṣirò ò mọ ẹgbẹ́.