Àpótí Ìmọ̀: Ìdíje Ìbéèrè àti Ìbò orí Fóònù

Inú iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì NTNU, ní ìlú Trondheim lórílẹ̀-èdè Norway, ni Kahoot, ètò ìdíje ìbéèrè orí fóònù, ti jáde. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ á gbé ìbéèrè sójú ògiri, oníkálukú á tẹ nọ́ńbà eré sórí fóònù rẹ̀, á sì yan ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ mẹ́rin: pupa, búlúù, ìyeyè, àwọ̀ ewé. Ẹni tó gbà á tó sì yára ló ń kó máàkì jù. Ìdáhùn kan lè mú tó 1,000 wá.

Ó dùn, ariwo ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àmọ́ ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà lè mọ̀ ọ́n kó sì gbẹ̀yìn. Bí ìbéèrè bá gba ìrònú, ẹ fi kún àkókò.

Ìbò ní tirẹ̀ kò ní olúborí. Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Harvard, ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti 1991, kí fóònù tó gbòde: akẹ́kọ̀ọ́ á dìbò, wọ́n á yíjú sí ara wọn jiyàn, wọ́n á tún ìbò dì. Ẹ má tíì fi èsì àkọ́kọ́ hàn wọ́n o! Bí wọ́n bá ti rí ibi tí èrò pọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa wọ́ lọ. Bí ìdajì bá gbà á tí ìdajì ṣì í, ìjíròrò á gbóná; bí gbogbo wọn bá gbà á, ẹ kọjá síwájú. Níbi tí fóònù kò bá ti kárí, káàdì A, B, D tí gbogbo wọn jọ nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà ti tó.