Ìtọ́jú Ọkàn Lórí Tẹlifóònù

Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà mọ bí a ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè. Bí gbèsè bá wá lóṣòó sí ni lọ́kàn ńkọ́, tí a kò róorun sùn mọ́?

Ẹ̀rù ń bà wá pé bí aládùúgbò bá rí wa lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, wọn á ní a ti ya wèrè. Àìróorunsùn kì í ṣe wèrè. Onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn lè máa bá ni sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníṣòwò Ọjà Àtàkúnmọ́sà kò ní ti ìsọ̀ lódindi ọjọ́, kò sì ní sanwó ọkọ̀ lọ Ifẹ̀ tàbí Abẹ́òkúta. Nítorí náà, kì í pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni àǹfààní wà.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun pátápátá. Láti nǹkan bí 1954 ni Dókítà Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn Aró, l'Ábẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, kí ìtọ́jú má bàa já wọn kúrò láàárín èèyàn.

Ẹ má ṣe é nínú ìsọ̀ o, oníbàárà ń gbọ́! Ẹ wọ yàrá, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí onítọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, gbájúẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ilé ìwòsàn UNIOSUN l'Óṣogbo, lójú ẹsẹ̀.