Ẹni tí ń mu ọtí jù: Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lè ràn án lọ́wọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ilé máa ń rọra bi wá ní dìsípẹ́ńsárì: "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí oògùn tí mo lè bù sí ọbẹ̀ bàálé mi, kí ó lè kórìíra ọtí?" A kì í fún ẹnikẹ́ni ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ewu ńlá ni kí á fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ fún ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí a ní ni ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a fi ọgbọ́n sọ, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí.

Kì í ṣe ẹni tí ń sùn sí ẹ̀bá gọ́tà ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ déédéé, tí ń san owó ilé-ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n tí kì í wọlé lálẹ́ láìtíì mu igo bíà ńlá mẹ́ta, òun ni mo ń bá wí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ wa nítorí ọtí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó máa ń gbé e wá, tàbí inú rírun, tàbí ọgbẹ́ tí ó gbà nígbà tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà. Bí a bá fún un ní oògùn tí a kò sì béèrè ohun tí ó ń mu, ààbọ̀ iṣẹ́ ni a ṣe.

Ní ọdún 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan jáde tí wọ́n ń pè ní AUDIT. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀, Kẹ́ńyà sì wà nínú wọn. Wọn a béèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni o ń mu ọtí? Báwo ni ó ti ń pọ̀ tó? Ǹjẹ́ o ti bẹ̀rẹ̀ sí mu tí o kò lè dáwọ́ dúró mọ́? Ǹjẹ́ o máa ń mu ún ní òwúrọ̀ kí ara tó balẹ̀? Ǹjẹ́ ará ilé tàbí dókítà ti bá ọ sọ ọ́ rí? Gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹni tí ó bá gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí rẹ̀ ti ń wọ ọ̀nà ewu. (Kì í ṣe bíi ti ilé-ìwé o, níhìn-ín, ẹni tí ó gba òdo ni ó ṣe dáadáa jù.)

Ìṣirò ọtí ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Nínú ìwé náà, òṣùwọ̀n ọtí kan ni gíráàmù 10 ti ògidì ọtí. Igo bíà ńlá kan, ti 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ti ju òṣùwọ̀n 2 lọ. Ẹni tí ó mu igo 3 ti kọjá òṣùwọ̀n 7 ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn a sì máa búra pé àwọn kì í mutí, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nìkan ni. Àgbo tí a fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Paraga náà, ọtí ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ awakọ̀ kan tí ó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè bi yín nípa ọtí? Gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni à ń bi."

"Ah, Nọ́ọ̀sì, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mu."

"Díẹ̀díẹ̀ yẹn, igo mélòó ni lánàá?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ 160 lórí 100 lónìí. Ọtí wà lára ohun tí ń gbé e sókè. Bí ẹ bá dín in kù, ó lè wálẹ̀. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò pé ẹ lè ṣe?"

"N kò lè parọ́ pé n ó fi sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, n kò ní fẹnu kàn án."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì yín. Ẹ padà wá ní oṣù tí ń bọ̀, kí á jọ wò ó."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kò pè é ní ọ̀mùtí, kò sì wàásù fún un. Ó tọrọ àyè kí ó tó béèrè, ó so ọtí mọ́ àìsàn tí ó gbé ọkùnrin náà wá, ó sì jẹ́ kí ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi dá ọjọ́. Ní ọdún 1996, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìdánwò irú ìmọ̀ràn yìí jáde láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Kẹ́ńyà àti Zimbabwe wà lára wọn. Ọtí tí àwọn ọkùnrin tí a gbà nímọ̀ràn ń mu lóòjọ́ fi nǹkan bí 17 nínú 100 dín sí ti àwọn tí a kò gbà nímọ̀ràn. Ìṣẹ́jú 5 sì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kì í sì í ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni ó dínwó tó o?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní agogo méjìlá òru, nígbà tí ọtí ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ dúró di òwúrọ̀. Ẹ se oúnjẹ kí ó jẹ kí ó tó jáde. Kí ó máa fi omi tutù sí àárín igo kan àti èkejì. Kí ó sì fi ọ̀pọ̀ owó oṣù sílẹ̀ sílé kí ó tó yà sí ilé ọtí. Ní ti aláboyún, kò sí òṣùwọ̀n kankan tí a lè fún un láyè láti mu.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá máa ń gbọ̀n ní òwúrọ̀, tí òógùn ń bò ó, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bí ó bá mu ún, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pé kí ó jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Gìrì lè mú un, ó lè máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè kú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ iye tí ó ń mu lóòjọ́ àti ìgbà tí ó mu kẹ́yìn fún dókítà.