Ṣé Ogún Ìṣẹ́jú Ni Bàálù Fi Ń Ti Madrid Dé Lisbon?

Ẹ bá wa wo ìṣirò yìí ná, pàápàá ẹ̀yin SS3. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé bàálù yóò kúrò ní Madrid, olú ìlú Spéìn, ní 10:00 àárọ̀, yóò sì dé Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl, ní 10:20. Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ọ̀nà náà tó bíi 500 kìlómítà. Ẹni tó bá yára fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ìṣirò yóò rí 1,500 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìyẹn ju eré ohùn lọ o! Kò sí bàálù akérò tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ lónìí. Concorde tó ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti gbé e tì láti 2003.

Nígbà tó ń padà ńkọ́? Ó kúrò ní Lisbon ní 12:00 ọ̀sán, ó dé Madrid ní 2:20. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú! Eré rẹ̀ wá di 214 kìlómítà péré ní wákàtí kan. Ẹlòmíì á ní atẹ́gùn ló dì í mú. Atẹ́gùn máa ń dí bàálù lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Aago ìlú méjèèjì ni kò bára mu: ti Madrid fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹni tó bá ti ti Benin wọ Togo rí mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí Lisbon wà ní 10:20, Madrid ti wà ní 11:20. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni ìrìn náà, àlọ àti àbọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ẹ ro ìṣẹ́jú 20 àlọ pọ̀ mọ́ 140 àbọ̀, ó di 160. Ẹ pín in sí méjì: 80. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti mọ ìyàtọ̀ aago wọn rárá, torí wákàtí tí àlọ jí, àbọ̀ ló dá a padà.

Ṣùgbọ́n bàálù ńlá máa ń sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan lókè. Kí ló dé tí 500 gba 80 ìṣẹ́jú? Tíkẹ́ẹ̀tì ń ka àkókò tó fi ń yí lórí ilẹ̀, tó fi ń gòkè, tó fi ń rọra sọ̀kalẹ̀. Lọ́nà tí kò jìn, ìwọ̀nyí ló ń jẹ àkókò jù.

Ibi tó dùn jù nìyí. Lisbon wà ní 9.1° ìwọ̀ oòrùn, Madrid ní 3.7°. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5.4°. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí náà oòrùn fún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 péré. Ìyókù, ìjọba ló fi kún un. Ní 1940, ìjọba Franco sún aago Spéìn síwájú ní wákàtí kan, wọn ò sì dá a padà títí dòní. Ìdí nìyẹn tí Madrid, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Greenwich, fi ń lo aago kan náà pẹ̀lú Berlin. Pọ́túgàl náà lo aago yẹn láti 1992 títí di 1996, wọ́n sì padà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìdánwò, bí ìbéèrè bá fún yín ní lọ́ngitúùdù, ẹ fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ aago ìrìn àjò ló fún yín, aago tí ìlú ń lò ni kí ẹ bá lọ.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: bàálù kúrò ní London ní 9:00, ó dé Madrid ní 12:25. Aago Madrid fi wákàtí kan ṣíwájú ti London. Aago mélòó ni yóò dé London bó bá kúrò ní Madrid ní 3:00 ọ̀sán? Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.